Ẹja Inú Agolo: Oúnjẹ Kíákíá Tí Ń Ṣe Ara Lóore

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan, bóyá ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ àlùfáà ni ẹ̀kọ́ lórí àdúrà tàbí lórí ìdáríjì. Ẹja inú agolo ni a yàn láti kọ̀wé lé lórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwàdà ni a ń ṣe. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwa náà sì ti rí i pé ebi lè wà nínú ilé tí owó oúnjẹ wà, bí ẹni tí ń se oúnjẹ níbẹ̀ kò bá sí mọ́.

Agolo kan, ẹnu mẹ́fà

Ní oṣù kìíní ọdún 1972 ni bàbá wa mú wa wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, pẹ̀lú garawa kan àti àpótí irin kan. Nínú àpótí náà ni gàrí, ṣúgà, ẹ̀pà yíyan àti agolo sàdín mẹ́ta wà. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí ni yóò mọ iyì agolo mẹ́ta yẹn. Àwọn agolo ìgbà náà ní kọ́kọ́rọ́ kékeré lára. A ó fi kọ́kọ́rọ́ náà há ahọ́n irin tí ó wà létí agolo, a ó sì máa wé e díẹ̀díẹ̀ títí ìdérí rẹ̀ yóò fi ká bí ẹní. Bí ẹja mẹ́rin bá wà nínú rẹ̀, àwa mẹ́fà ni a ó jókòó yí i ká. A ó fi ẹ̀yìn ṣíbí pín in, a ó da òróró rẹ̀ sórí gàrí, ẹni tí ó ni agolo ni yóò sì fi ìka nu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lójú wa nígbà náà, oúnjẹ ọlọ́rọ̀ ni sàdín.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọ́ wa ní ohun púpọ̀. Ó kọ́ wa ní Ìwé Mímọ́, ó kọ́ wa ní ìṣirò, ó sì kọ́ wa láti tẹ́ ibùsùn wa kí agogo tó dún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n ń lọ sí yàrá ìdáná láti kọ́ oúnjẹ sísè. Ní wákàtí kan náà, àwa ọmọkùnrin a máa fá pákó ní yàrá iṣẹ́ káfíńtà. A kò fi èyí bú àwọn olùkọ́ wa, nítorí bí ayé ti rí nígbà náà nìyẹn. Láti ọ̀dọ̀ ìyá wa ni a ti bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, láti ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti lọ kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, láti ibẹ̀ ni a sì ti gbéyàwó. Ní gbogbo ọ̀nà yìí, ẹlòmíràn ni ó ń gbé oúnjẹ ka iwájú wa.

Nígbà tí ilé dákẹ́

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Olúwa pe ìyàwó wa sọ́dọ̀ ara Rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì tí a ti jọ wà. Àwọn ìyá ìjọ ṣe gudugudu méje. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún wa lójoojúmọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù padà sí ìtọ́jú ilé tirẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí kò sí abọ́ lórí tábìlì, a wọ inú ilé ìdáná lọ. A ṣí àpótí kan, a ṣí èkejì. Àwa tí a ti ń wàásù fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara wa.

Búrẹ́dì àti tíì ni a ń jẹ láàárọ̀, búrẹ́dì àti tíì náà ni a ń jẹ lálẹ́. Bí ó bá sú wa, a ó mu gàrí. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga ìwàásù, òòyì kọ́ wa, díẹ̀ ni ó kù kí a ṣubú. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tí ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wa wò béèrè pé, "Bàbá, kí ni ẹ jẹ lánàá?" A sọ fún un. "Ti òní ńkọ́, sà?" Ohun kan náà ni a tún sọ. Ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀, ó wò wá, kò sì sọ̀rọ̀. Ojú tì wá gidigidi.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wa obìnrin pè wá lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé agolo sàdín wà nílé?" A ní ó wà. "Ẹ̀fọ́ ńkọ́?" A ní aládùúgbò kan fún wa ní ṣọkọ láàárọ̀. Ó ní, "Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, kí ẹ máa gbọ́ mi." Báyìí ni ẹ̀kọ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ti ọjọ́ kìíní kò ṣe é jẹ. Ó ti kìlọ̀ pé kí a má fi iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n a rò pé ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ kò lè dùn. A bu iyọ̀ sí i, a sì tún fi mágì méjì lé e. A kò lè jẹ ju òkèlè méjì lọ. Nígbà tí a jẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Bàbá mi, iyọ̀ ti wà nínú ẹja yẹn kí ó tó dé ilé yín." Ti ọjọ́ kejì dára. A jẹ ẹ́ tán, a sì fọ abọ́ náà fúnra wa.

Olúwa tí ó dáná létí òkun

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ojú mìíràn wo ẹja nínú Ìwé Mímọ́. Nínú Ìhìnrere Jòhánù orí kẹfà, ọmọdékùnrin kan wà tí ó ní ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Jòhánù lò fún ẹja náà ni opsarion. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ohun tí a fi ń jẹ àkàrà, bí àwa ti ń fi ọbẹ̀ jẹ òkèlè, ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, pàápàá ẹja kékeré tí a ti sè tàbí tí a ti fi iyọ̀ tọ́jú. Létí òkun Gálílì kan náà ni ìlú kan wà tí àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ń pè ní Tarichaea. Orúkọ náà jẹ mọ́ iṣẹ́ fífi iyọ̀ tọ́jú ẹja. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ìlú náà ni Mágídálà, ìlú Màríà Magidalénì. Nítorí náà, ẹja tí a tọ́jú pamọ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn tí wọ́n ń rìn pẹ̀lú Olúwa wa.

Ní orí kọkànlélógún ìwé kan náà, ọ̀rọ̀ yẹn tún padà wá. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n rí iná èédú, ẹja wà lórí rẹ̀, àkàrà sì wà níbẹ̀. Olúwa tí ó jí dìde kúrò nínú òkú ni ó dáná oúnjẹ àárọ̀ fún wọn. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni Ó tó bi Pétérù ní ìbéèrè nípa ìfẹ́, tí Ó sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. A ti wàásù lórí orí yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà. A sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀n, a sọ̀rọ̀ nípa Pétérù, a sọ̀rọ̀ nípa àgùntàn. A kò sọ̀rọ̀ rí nípa ẹni tí ó dá iná náà. Bí Ọ̀gá wa kò bá ka ìdáná sí iṣẹ́ tí ó rẹlẹ̀, ọkùnrin wo nínú wa ni yóò sọ pé ó rẹlẹ̀ sí òun?

Bí ẹja ṣe dé inú agolo

Ọkùnrin ará Faransé kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ṣíṣe ohun dídùn, Nicolas Appert, ni ó ṣe àwárí pé bí a bá dí oúnjẹ mọ́ inú ìgò pinpin, tí a sì sè é nínú omi gbígbóná, yóò pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn 12,000 owó faranki, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1810. Ní ọdún kan náà, Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lo agolo dípò ìgò. Láàárín ọdún 1820 sí 1830, ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí í di sàdín sínú agolo fún títà. Lónìí, púpọ̀ nínú sàdín tí a ń rà lọ́jà wa ni ó ń ti ilẹ̀ Mòrókò wá.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gé orí ẹja, wọ́n á fọ inú rẹ̀, wọ́n á tò ó sínú agolo pẹ̀lú òróró, omi tàbí tòmátì. Wọ́n á dí agolo náà pinpin, wọ́n á sì sè é pẹ̀lú ooru tí ó ju ti omi tí ó ń hó lọ. Ooru yìí ni ó ń pa kòkòrò àìrí tí ń ba oúnjẹ jẹ́. Nítorí rẹ̀ náà ni eegun ẹja ṣe rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè jẹ ẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹja inú agolo ti jinná kí a tó rà á. Ẹni tí kò mọ oúnjẹ sè rárá lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí ó le jù ni a ti bá a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ orúkọ, kí ọjà rírà má baà dàrú. Sàdín ni ẹja wẹ́wẹ́ inú agolo pẹlẹbẹ. Geisha ni orúkọ tí gbogbo wa ń pe ẹja inú agolo gígùn tí ó ní tòmátì nínú, láìka ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sí. Bí ẹ bá sì bi alájà ní Títù, ó lè nawọ́ agolo sàdín sí yín, ó sì lè gbé ẹja inú yìnyín jáde. Títù tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí kò mọ̀ pé orúkọ òun yóò dé ọjà ẹja.

Oore tí ó ń ṣe fún ara

Oúnjẹ amáradàgbà ni ẹja yìí. Nínú gíráàmù 100 sàdín tí a ti ro òróró rẹ̀ dànù, a ó rí nǹkan bí gíráàmù 25 èròjà amáradàgbà. Bí a bá jẹ eegun rẹ̀ pọ̀, a ó tún rí ohun tí ó ju mílígíráàmù 350 kálísíọ́ọ̀mù lọ, èyí tí ń mú eegun àti eyín le. Fítámì D wà nínú rẹ̀, B12 wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ sì ní èyí tí àwọn dókítà ń pè ní omega-3, tí ó dára fún ọkàn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń dàgbà nílò nǹkan wọ̀nyí. Àwa àgbà nílò wọn pẹ̀lú, nítorí bí ọjọ́ orí ti ń lọ sókè ni iṣan ń dínkù, tí eegun sì ń rọrùn láti ṣẹ́. Ẹ má ṣe yọ eegun sàdín sọnù mọ́.

Ohun mẹ́rin tí a ní láti ṣọ́

Èkíní ni iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí iyọ̀ tí ó ń jẹ lóòjọ́ má ṣe tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí ìmutíì kan. Ẹ máa ka ẹ̀yìn agolo. Bí a bá kọ mílígíráàmù 400 sódíọ́ọ̀mù síbẹ̀, ó dọ́gba pẹ̀lú gíráàmù 1 iyọ̀. Ẹ ro omi tàbí òróró rẹ̀ dànù, ẹ má sì fi iyọ̀ tàbí mágì kún un. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tilẹ̀ lè fi omi ṣan ẹja náà kí ó tó lò ó.

Èkejì ni agolo fúnra rẹ̀. Agolo tí ó wú, tí ó ń jò, tí ó ti dógùn-ún jinlẹ̀, tàbí tí ó tẹ̀ wọnú ní ojú ìsopọ̀ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má ṣe tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, nítorí májèlé kan wà tí ó lè wà nínú irú rẹ̀ láìní òórùn, tí ó sì lè pa ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, bí a bá ti ṣí agolo, kí a má ṣe fi ìyókù sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kó o sínú abọ́ tí ó ní ìdérí, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Níbi tí kò bá sí iná mànàmáná, iye tí a ó jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà ni kí a ṣí.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí àrùn gáòtù ń mú oríkèé rẹ̀ wú ní láti bi dókítà rẹ̀ kí ó tó máa jẹ sàdín, nítorí ó lè ru àìsàn náà sókè.

Oúnjẹ mẹ́rin tí kò gba àkókò

*1. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti sàdín.* Èyí ni oúnjẹ tí a kọ́kọ́ kọ́. Ẹ gé àlùbọ́sà kan, tòmátì méjì, tàtàṣé kan àti ata rodo díẹ̀. Ẹ da ṣíbí ìjẹun kan epo pupa sínú ìkòkò, ẹ din gbogbo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi irú díẹ̀ sí i bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ da ṣọkọ tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sì ti rẹ́, lé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ to sàdín agolo kan sórí rẹ̀, ẹ rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹja má baà fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi jẹ iṣu síse tàbí ẹ̀kọ tútù.

*2. Ẹ̀wà àti sàdín.* Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwa ń se ẹ̀wà wa láìfi iyọ̀ sí i, a ó sì pín in sínú abọ́ kéékèèké nínú fíríìsà. Ní alẹ́ tí ó bá rẹ̀ wá, a ó gbé abọ́ kan kaná pẹ̀lú omi díẹ̀, àlùbọ́sà àti ata gígún. Bí ó bá ti ń hó, a ó da sàdín sí i. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ nínú abọ́ kan máa ń mú ènìyàn yó pẹ́.

*3. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti Geisha.* Ẹ se ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n méjì. Bí ó ti ń jinná lọ́wọ́, ẹ din àlùbọ́sà àti ata pẹ̀lú òróró ṣíbí kan, ẹ da Geisha àti tòmátì inú rẹ̀ sí i, ẹ sì rẹ́ ewé ẹ̀fọ́ díẹ̀ lé e. Tòmátì inú agolo náà ti ní iyọ̀, òun náà sì ni ọbẹ̀ yín.

*4. Búrẹ́dì àti sàdín fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.* Ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ sàdín pẹ̀lú eegun rẹ̀. Ẹ gé àlùbọ́sà, tòmátì àti kùkúńbà wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, kí ẹ sì fi sáàárín búrẹ́dì. Kò nílò iná rárá. Bí ó bá jẹ́ gàrí ni ọmọ yóò mu, kí ó dín ṣúgà kù, kí ó da ẹ̀pà sí i, kí ó sì fi sàdín jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ̀kọ́ kì í parí láìsí iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde mọ èyí. Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ yín ọkùnrin tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní sáà tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ó se ọ̀kan nínú oúnjẹ mẹ́rin yìí lójú yín, kí ó sì fọ ìkòkò rẹ̀. Bí ó bá bà á jẹ́ ní ọjọ́ kìíní, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe. Ó sàn kí ó fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ jẹ́ ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ju kí ó ṣe é lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún bíi tiwa. A mọ̀ pé ẹ ń di agolo sínú àpótí rẹ̀. Ẹ bá a di ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ wo orúkọ àwọn tí a jọ wọlé ní ọdún kan náà. Ẹni kan wà nínú wọn tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, tàbí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti rékọjá òkun, tí ó ń sọ lórí fóònù pé kò sí ohun tí ó ṣe òun. Ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí i nìkan. Ẹ ra agolo méjì àti ìdì ṣọkọ kan, ẹ lọ sí ilé rẹ̀, ẹ dúró pẹ̀lú rẹ̀ nídìí sítóòfù, kí ẹ sì jọ jẹun. Nígbà kan rí, àwa mẹ́fà yí agolo kan ká, kò sì sí ẹni tí ebi pa sùn nínú wa.

Olúwa tí ó dáná létí òkun Gálílì yóò bá wa jókòó ti oúnjẹ wa. Kí Ó bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí iná ilé ìdáná ẹnikẹ́ni nínú wa kú. Àmín.